Ìkún Omi Ọ̀sà àti Àwọn Apẹja Mákòkó

Ní ilẹ̀ Skọ́tilándì, nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò dídì orí òkè sì ń yọ́ sínú odò, àwọn apẹja a máa fi ìyẹ́ ẹyẹ wé ìwọ̀ kí ó lè jọ kòkòrò, kí wọn lè fi tan ẹja trout jẹ. Àwa kì í rí òjò dídì ní Yábàá; ṣùgbọ́n òkè tiwa náà a máa rán omi sí wa. Òjò tí ó rọ̀ ní ẹ̀bá Ṣakí ni odò Ògùn ń gbé gba Abẹ́òkúta kọjá títí dé ọ̀sà Èkó.

Nígbà òjò, omi dídùn yìí a lé omi iyọ̀ padà sí ìhà òkun, ẹja odò a sì wọ̀ ọ́, irú ọ̀bọ̀kún. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí odò fà, omi òkun a tún wọlé pẹ̀lú ẹja tirẹ̀. Ní ọdún 1974, Fagade àti Olaniyan, àwọn onímọ̀ ẹja, tẹ ìwé jáde lórí ìpààrọ̀ yìí. Àwọn Ègùn tí ń gbé orí omi ní Mákòkó ti ń fi í jẹun kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀tàn tiwọn kì í ṣe ìyẹ́. Wọn a ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà. Ewédò a hù lára rẹ̀, ẹja a wá jẹ ẹ́, a sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a fa igi yọ, wọn a sì kó ẹja. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Ó gbilẹ̀ púpọ̀ ní ọ̀sà Nòkúé ní orílẹ̀-èdè Benin. Lójú tiwa, ọgbọ́n yìí ju ti ìyẹ́ lọ, nítorí pé ẹni tí yóò pa ẹja níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ni ó ń tún omi náà ṣe. Ní ọdún 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to odi òkúta sí ẹnu ọ̀sà, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ní 1983 ni a ṣí ìdídò Ọ̀yán lókè Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà ni apá kan ìkún omi ti di ohun tí ènìyàn ń tì tí ó sì ń ṣí. Ní 1990 ni afárá gígùn kẹta gba iwájú Mákòkó kọjá.

Nínú oṣù Keje ọdún 2012, ìjọba fún àwọn ará etí omi ní wákàtí 72 láti kó kúrò. Lẹ́yìn náà ni a wó ilé púpọ̀. Ènìyàn kan kú. Ẹ kíyèsí oṣù náà: àkókò òjò ni, nígbà tí omi dídùn ń bọ̀ láti òkè, tí ó yẹ kí àwọ̀n wà nínú omi.