Akọ̀wé tó ní kí ọ̀gá bọ́ síta

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín kọ̀wé sí mi pé òun kì í rí oorun sùn mọ́, ẹ̀rọ inú fóònù lòun ń bá sọ̀rọ̀ lóru. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí mi ti ń dàrú ni?" Ìtàn ni mo fi dá a lóhùn.

Lọ́dún 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT l'Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA. Kò mọ nǹkan kan o. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ló ń fi bi yín padà. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé ìyá yín ń dà yín láàmú, á ní kí ẹ sọ̀rọ̀ ẹbí yín sí i.

Akọ̀wé Weizenbaum mọ̀ pé ọ̀gá òun ló ṣe é. Síbẹ̀, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ tó fi ní kí ọ̀gá bọ́ síta. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Lọ́dún yẹn kan náà, Dókítà Kenneth Colby àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn láàárín wákàtí kan. Weizenbaum kọ̀ jálẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976, ó ní iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ ká gbé fún ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ lè ṣe é.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí obìnrin yẹn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀? Lójú tèmi, ìtìjú ni. Ẹ̀rọ kì í yọ ṣùtì síni. Ọmọ tó kọ̀wé sí mi fẹnu kàn án nílé, wọ́n ní ọ̀tá ló ń bá a jà, kó lọ gbààwẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, ìdáhùn mìíràn ti wà ṣáájú ELIZA. Láti 1954 ni Dókítà T. Adéoyè Lambo ti ń ṣètò ìtọ́jú ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Aláìsàn ń gbé lábúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹbí tó bá a wá. Tó bá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, á padà sọ́dọ̀ èèyàn lálẹ́. Wọn ò tì í mọ́lé, wọn ò sì dá a dá àìsàn rẹ̀.

Mo wá sọ fún ọmọ náà pé orí rẹ̀ ò dàrú, àárẹ̀ ló mú un, àárẹ̀ sì ní dókítà. Kó jẹ́ kí fóònù bá a kọ ohun tó ń dùn ún sílẹ̀, kó mú un dání lọ. Ṣùgbọ́n fóònù ò lè jókòó tì í níwájú dókítà. Èmi ni mo bá a lọ.

Òun ló ní kí n sọ fún yín.