dàpọ̀

dàpọ̀ (ọ̀rọ̀-ìṣe), ìdàpọ̀ (ọ̀rọ̀-orúkọ)

1. Kí ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọnú ara wọn. Odò Ọya àti Bẹ́nùé dàpọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Bí a bá dárúkọ ohun tí a ń dà, ọ̀rọ̀-ìṣe náà á là sí méjì: da àwọ̀ méjì pọ̀, dà wọ́n pọ̀.

2. (Iṣẹ́ àwòrán lórí kọ̀ǹpútà) Kí àwọ̀ ìpele kan bá ti ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ojú sì rí àwọ̀ kẹta. Àwòrán òdòdó náà ti dàpọ̀ mọ́ àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé.

Ìlò. Ìtumọ̀ kejì yìí wúlò púpọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ lọ jàra. Ọdún 1994 ni ìpele wọ inú Photoshop. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣì í pè ní ìpèlé, aṣọ tí obìnrin ń ró lé ìró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpèlé léèsì tó jẹ́ kí àwọ̀ ìró hàn wá láti abẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí à ń wí.

Nínú ìdàpọ̀ tí ètò náà pè ní Multiply, ibi tó funfun lórí ìpele òkè á pòórá, dúdú á dúró digbí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni íǹkì ṣe ń ṣe lórí bébà: sáyàn lórí yẹ́lò á di àwọ̀ ewé, funfun kò sì ní íǹkì tirẹ̀, bébà fúnra rẹ̀ ni. Nítorí náà, orúkọ tí a fi àwọ̀ funfun kọ kò ní hàn rárá bí ìpele rẹ̀ bá wà lórí Multiply. Screen ni òdìkejì rẹ̀. Dúdú ló ń pòórá níbẹ̀.

Opacity ń sọ bí ìpele ṣe bo tìsàlẹ̀ tó: ní 100 ó bò ó pátápátá, ní 0 a kò rí i mọ́. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “ìmọ́gaara” ti dojú ọ̀rọ̀ rú.

Àṣìṣe tó léwu jù ni kí a fi dàpọ̀ túmọ̀ Merge. Ìdàpọ̀ ṣeé yí padà nígbàkígbà. Merge ń sọ ìpele di ẹyọ kan, bí a bá sì ti pa fáìlì náà mọ́ tí a sì tì í, kò ṣeé yà mọ́. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ olóògbé kọ nínú ìwé ètò ìsìnkú, tí ìpele orúkọ sì ti di ọ̀kan pẹ̀lú fọ́tò, àfi kí wọ́n tún gbogbo ojú ìwé náà ṣe. Sọ di ọ̀kan ni kí a lò fún Merge: Má sọ ìpele wọ̀nyí di ọ̀kan kí oníṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àdàlù kò bá a mu. Ó ń rùn ẹ̀tàn díẹ̀, bíi ti epo tí wọ́n bomi là.

Tún wo: bò, ìpele, lú, pò.