Ogun Kírìjì àti Ìṣubú Ìjọba Ìbàdàn: Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Òṣú

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a fi ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí sọ nípa ogun tí ó fọ́ ìjọba ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì bọ́ àjàgà kúrò ní ọrùn àwa Ìjẹ̀ṣà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn tí a bí sí ẹ̀yìn odi, ti gbọ́ orúkọ Kírìjì. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ó fà á, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan tí ó jọ tiwa ni ó ti ogun náà lẹ́yìn.

Bí Ìbàdàn ṣe dìde

Kí Ìbàdàn tó di ńlá, Ọ̀yọ́-Ilé ni ó ń pàṣẹ lórí apá púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, Dahomey pàápàá sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ní nǹkan bí ọdún 1817 ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin. Àwọn Fúlàní tí ó pè fún ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pa á níkẹyìn, tí wọ́n sì gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé baba wọn wà lára àwọn tí ó kó ara wọn jọ sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Àgọ́ ogun ni ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò ní ọba aládé. Ẹni tí ó bá ṣe akin lójú ogun ni ó ń joyè. Ní 1840, wọ́n ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, wọn kò sì jẹ́ kí ogun Fúlàní lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù mọ́. Oore ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí a gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ni lọ́wọ́ ọ̀tá lè padà di ọ̀gá ẹni. Ní 1862, Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, ìlú Kúrunmí. Ní 1870, wọ́n ṣẹ́gun Iléṣà.

Àwọn ajẹ́lẹ̀

Ìbàdàn mọ ìlú í gbà, ṣùgbọ́n kò mọ ìlú í tọ́jú. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi sí àwọn ìlú tí wọ́n gbà, láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ a máa kó ẹrù ọlọ́jà, wọn a máa pa ẹran ọ̀sìn jẹ, wọn kì í sì í bọ̀wọ̀ fún aya oníle. Ogun tìkára rẹ̀ ni ó ń bọ́ ogun: àwọn ẹrú tí a bá kó ni ó ń ro oko fún àwọn ìjòyè, àwọn mìíràn ni a ń tà láti fi ra ìbọn, nígbà tí ìbọn bá sì dé, a tún wá ìlú mìíràn lọ. Ìjọba tí ó bá dúró lórí irú èyí kò lè sinmi, àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kò sì lè sinmi.

Èkìtì Parapọ̀

Ṣáájú àkókò yìí, olúkúlùkù ni ó ń ṣe tirẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ní Ọwá tirẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ní Èkìtì ní ọba tirẹ̀, Ìlá sì ní Ọ̀ràngún. Wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn jà. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà pàápàá ti fi ogun da ọ̀pọ̀ ìlú láàmú ní ìhà Èkìtì àti Àkókó. Ìyà kan náà tí wọ́n jọ ń jẹ ni ó kọ́ wọn pé ìran kan ni wọ́n.

Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ìlú púpọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ kò dára fún wọn, nítorí Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Ìkìrun ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nínú ogun tí a ń pè ní Jálumi. Wọn kò torí èyí túká. Ògèdèǹgbé ni wọ́n ké sí, ó sì di olórí ogun wọn. Fábùnmi tí ó dá iná ọ̀ràn náà sì gbà láti máa jagun lẹ́yìn rẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n pàgọ́ sí, Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Igbájọ, àwọn òkè sì wà láàárín wọn. Ìró ìbọn ńlá tí ń dún láàárín òkè ni a gbọ́ pé ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹgbẹ́ wa nìyí. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà tí a ti tà lẹ́rú rí, tí wọ́n ti Sàró àti Brazil padà wá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, èyí tí a ń ki láti ìdí, tí ó sì ń yára yìn ju ṣakabùlà lọ. Philip José Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Brazil dé, wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ síwájú ìjọba Èkó. Àwọn tí a ti fi tipátipá mú kúrò ní ilé kò gbàgbé ilé.

Bí ogun náà ṣe parí

Ìbàdàn kò lè borí, Èkìtì Parapọ̀ náà kò sì lè lé wọn lọ. Ààrẹ Látòóṣà kú sí àgọ́ ní 1885. Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín àgọ́ méjèèjì, títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, 1886. Ìwé náà sọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì di òmìnira. Ó fi Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Igbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò padà sílé tán títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter dé láti Èkó.

Ta ni ó wá jèrè? Ìbàdàn pàdánù ìjọba rẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Èkìtì Parapọ̀ gba òmìnira, ṣùgbọ́n bí ìbẹ̀rù Ìbàdàn ti ń lọ, olúkúlùkù padà sí abẹ́ ọba tirẹ̀, ìparapọ̀ náà kò sì di ìjọba kan. Òyìnbó tí a fi ṣe onílàjà ni ó jókòó sórí àga. Ẹ jẹ́ kí a fi wé Jámánì. Ní ọdún 1870 tí Iléṣà ṣubú gan-an ni Prussia àti àwọn ìlú Jámánì yòókù jọ dojú ìjà kọ ilẹ̀ Faransé. Ní 1871, nígbà tí ogun kò tíì tán, wọ́n ti sọ ara wọn di ìjọba kan lábẹ́ olú-ọba kan. Àwọn wọ̀nyí so ìrẹ́pọ̀ wọn mọ́ òfin kí ọ̀tá tó lọ. Àwọn baba wa kò rí àyè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Òṣú nílé lóko, ìbẹ̀rù ọ̀tá lè kó ènìyàn jọ, ṣùgbọ́n kò lè mú wọn dúró pọ̀. Ẹ wo ìpàdé wa. Bí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ bá dé, ilé a kún títí dé ìta; bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òrùlé ilé-ìwé tàbí omi mímu, a ó máa ka àga òfìfo. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi a máa rò pé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti tó. Àwa tí a wà nílé náà a máa jẹ owó náà tán kí a tó ròyìn bí a ti ná an. Kì í ṣe báyìí ni àwọn tí ó wà ní Èkó àti àwọn tí ó wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé ṣe bá ara wọn lò.

Lónìí, ọ̀rẹ́ àti àna wa ni àwọn ará Ìbàdàn, kò sì sí ajẹ́lẹ̀ kankan mọ́ tí yóò lé wa wọ inú ìrẹ́pọ̀. Àwa fúnra wa ni a ó yàn án. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé ìṣirò owó tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, kí ìpàdé ilé-ìwé kún bí ìpàdé ààlà, kí ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì lè fà á lé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ́wọ́, bí Fábùnmi ti ṣe. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí Òṣú ga sí i. Àmín.