Port Chicago, 1944: ikú ò mọ ọ̀gá, àwa èèyàn ló mọ̀ ọ́n

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Tí wọ́n bá ní ológun ojú omi kú lákòókò ogun, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ọkọ̀ tó ń rì láàárín òkun. Àwọn tí mo fẹ́ rántí lónìí, etí èbúté ni wọ́n kú sí. Kò sí ọ̀tá kankan nítòsí. Ẹrù ni wọ́n ń kó.

2/ Port Chicago ni orúkọ ibẹ̀, ní California, kò jìnnà sí San Francisco. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Nefí Amẹ́ríkà ti ń kó bọ́ǹbù àti ọta sínú ọkọ̀ tó ń lọ bá àwọn tó ń bá Jàpáánì jà.

3/ Ta ló ń kó o? Àwọn aláwọ̀ dúdú. Ta ni ọ̀gá wọn? Òyìnbó, gbogbo wọn. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó ẹrù yìí, bíi tèmi àti tìẹ. Wọ́n wọ Nefí láti jà, wọ́n wá sọ wọ́n di alábàárù.

4/ Ẹ má sì rò pé àwọn ọ́fíṣà tó ń pàṣẹ mọṣẹ́ náà dunjú o. Púpọ̀ nínú wọn, ogun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n wá, wọn ò mọ nǹkan púpọ̀ nípa kíkó bọ́ǹbù. Àwọn tó ń kó o gan-an, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bó ṣe yẹ.

5/ Ohun tí wọ́n mọ̀ ni kánmọ́-kánmọ́. Wọ́n ń kọ iye tọ́ọ̀nù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó sára pátákó. Tọ́ọ̀nù 10 ní wákàtí kan ni wọ́n ń lé. Àwọn ọ́fíṣà kan tiẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹgbẹ́ tó máa yára jù. Tẹ́tẹ́, lórí bọ́ǹbù!

6/ July 17, 1944, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 18 lálẹ́. Ọkọ̀ E. A. Bryan ti gbé bíi 4,600 tọ́ọ̀nù ohun abúgbàù. Ọkọ̀ Quinault Victory wà lódìkejì èbúté. Gbàà! Èèyàn 320 kú lẹ́ẹ̀kan náà, 202 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Òkú 51 péré ni wọ́n dá mọ̀.

7/ Ọ́fíṣà wà lára àwọn tó kú. Ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tó ń gbé ẹrù, ojú kan náà ni gbogbo wọn lọ. Ikú ò wo àwọ̀, kò wo ipò. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí nìyẹn, torí pé àwọn alààyè wò ó.

8/ Àwọn ọ́fíṣà òyìnbó tó yè gba ìsinmi ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó yè ò rí ìsinmi. Àwọn kan nínú wọn ló ṣa ẹran ara àwọn ọ̀rẹ́ wọn nílẹ̀. Nefí ní kí wọ́n fún ẹbí òkú kọ̀ọ̀kan ní $5,000. Nígbà tí John Rankin, aṣòfin láti Mississippi, gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, ó ní kí wọ́n gé e sí $2,000. $3,000 ni wọ́n fẹnu kò sí.

9/ Kò tíì pé oṣù kan, wọ́n ní kí wọ́n padà lọ kó bọ́ǹbù, bákan náà láìsí àyípadà. Èèyàn 258 kọ̀. Wọ́n mú 50 nínú wọn, wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n, ilé-ẹjọ́ ológun sì dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15! Thurgood Marshall, tó padà di adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà, jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì gbé e lọ síwájú.

10/ Ní 1946, wọ́n tú púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Nefí fòpin sí yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yẹn ò kúrò lọ́rùn wọn. Àwọn míì ò sọ ọ́ fọ́mọ wọn títí wọ́n fi kú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

11/ July 17, 2024, ọgọ́rin ọdún géérégé, Nefí kéde pé wọn ò jẹ̀bi. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn 50 yẹn tó kù láyé láti gbọ́ ọ.

12/ Èmi ò rò pé ká kọ orúkọ òkú sára òkúta nìkan ni ìrántí. Ọ́fíṣà tó kú lórí èbúté yẹn yẹ lẹ́ni à ń rántí. Alábàárù tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ náà yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yè, tó wá sọ pé "mi ò padà síbẹ̀ mọ́," òun ló bá àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọn ò lè sọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíì.