Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Tòkunbọ̀

Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wálé ni Tòkunbọ̀. Orúkọ iyì ni. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé sí Nàìjíríà ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, tí ọkọ̀ tuntun di àwòṣífìlà, ọjà yá orúkọ náà fún ọkọ̀ àlòkù tó ń gba Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọlé. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní Èkó, lónìí, firíìjì, táyà, ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn ló ń jẹ́ ẹ. Mẹkáníìkì á ní: "Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ ni o, wọn ò tíì lò ó níbí." Àlòkù náà ló ń fi yangàn yẹn! Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń rà á lókè òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní iye ti ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ tálákà.