Àfojúbà Kò Tó Àfọwọ́bà: Ẹ̀kọ́ Lórí Àwo Tánganran Ilẹ̀ Ṣáínà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ti iṣẹ́ ọnà àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, pàápàá jù lọ àwo tánganran, èmi gbà pé àfojúbà gan-an kò tó àfọwọ́bà. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ní ìlú Jingdezhen, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwo fún ààfin, àwọn amọ̀kòkò a máa kọ orúkọ sáà ọba sí ìdí àwo. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé bí òun bá ti ka orúkọ náà, ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé ọba Kangxi (1662–1722), wọ́n ń kọ orúkọ sáà Xuande (1426–1435) àti ti Chenghua (1465–1487) sí ìdí àwo tuntun. Nígbà mìíràn, ọ̀wọ̀ fún àwọn aṣáájú ni. Nígbà mìíràn, ẹ̀tàn ni.

Ọwọ́ ni í tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ní í mọ̀ bóyá àwo wúwo ju bó ti yẹ lọ. Ìka ní í tọ ẹsẹ̀ àwo, níbi tí amọ̀ ti hàn síta, láti mọ bí wọ́n ṣe gé e àti bí wọ́n ṣe dán an.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1388 ni Cao Zhao ti kọ ìwé *Gegu yaolun*, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Ní London, àwọn olùkójọ dá ẹgbẹ́ Oriental Ceramic Society sílẹ̀ ní 1921; wọ́n ń pàdé nílé ara wọn, wọ́n ń gbé àwo lé ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Sir Percival David, tó túmọ̀ ìwé Cao Zhao sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, fi àkójọ tirẹ̀ fún Yunifásítì London ní 1950. Ìkòkò méjì wà nínú rẹ̀ tí àkọlé ọdún 1351 wà lára wọn, òótọ́ sì ni àkọlé náà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo àkọlé ló ń parọ́; ohun tó ṣòro ni láti mọ èyí tó ń sọ òótọ́.

Láti 2009, àkójọ náà ti wà ní British Museum, lẹ́yìn gíláàsì. Ó dára fún ojú, ó sì dáàbò bo àwọn àwo náà. Ṣùgbọ́n níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó yóò ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn tèmi ni àpáàdì. Ní Jingdezhen, àwo tí kò bá yẹ fún ọba, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n á sì rì í mọ́lẹ̀. Láti nǹkan bí 1980 síwájú ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń hú àwọn àfọ́kù náà jáde, tí wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ padà. Àpáàdì a máa fi inú amọ̀ hàn, èyí tí odindi àwo kì í fi hàn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àpáàdì ní í ṣíwájú eléèéná.