Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Etíkun Ìlàjẹ: Ta Ni Yóò San Án?

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1986 fún àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ láṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọ́ ilé tuntun, kí wọ́n lè fi kọ́ yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ tí yóò wá gbé inú ilé náà. Owó yìí, tí a lè pè ní owó akọ́lé, ti dá àríyànjiyàn púpọ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ ilé tà àti àwọn tó ń ṣàkóso ìlú. Ní Etikan, ní etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, ọ̀kan nínú ìlú aládé mẹ́rin tí àwọn Ìlàjẹ pín sí (Ugbo, Mahin àti Aheri ni mẹ́ta yòókù), kò sí ẹni tó ń kọ́ ọgọ́rùn-ún ilé lẹ́ẹ̀kan náà tí ìjọba ìbílẹ̀ lè dá dúró béèrè owó. Àlejò tó wá rí ọrọ̀ kó ní etíkun náà ni ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìbéèrè ta ni yóò sanwó ilé-ẹ̀kọ́ padà dé.

Kí ọ̀rọ̀ epo tó gbilẹ̀, ará ìlú fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí. Nígbà tí Olóyè S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé aṣòfin ní oṣù Keje ọdún 1952, ọ̀nà tí wọ́n rí láti fi kún owó rẹ̀ ni owó-orí àkànṣe ti ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Ẹgbẹ́ Alákùkọ, tó jẹ́ alátakò, fi owó náà ṣe ohun ìjà, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tó ń ṣàkóso ẹkùn náà, sì pàdánù ọ̀pọ̀ ìjókòó ní ẹkùn tirẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí nǹkan bí 811,000 láàárín ọdún kan.

Etíkun Ìlàjẹ kì í ṣe ibi tí a ti ń fi owó díẹ̀ kọ́lé. Irà àti omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé yóò kó sìmẹ́ǹtì, irin àti òkúta sínú ọkọ̀ ojú omi, láti Igbokoda, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, lọ́pọ̀ ìgbà, yóò kó yanrìn di ibi tó ń rọ̀ tàbí kí ó rì òpó mọ́lẹ̀, kí ó tó máa ronú nípa ògiri. Bí ó bá sì parí iṣẹ́, òkun lè wá gba ilẹ̀ náà padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti gba apá púpọ̀ nínú Ayétòrò àti Awoye. Owó tí ó tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀ kò lè kọ́ irú rẹ̀ níbẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, ni ará ìlú kọ́kọ́ máa ń kọjú sí, ṣùgbọ́n òfin kò fún un ní nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ bá ìpínlẹ̀ kópa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò ní kí ó dá a ṣe. Òfin ọdún 1998 lórí owó-orí àti owó ìbílẹ̀, tó ka ohun tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà, gbà á láyè láti gba owó lórí kẹ̀kẹ́, bárò àti ọkọ̀ àwọn apẹja, ṣùgbọ́n kò dárúkọ pèpéle epo tó dúró lójú òkun. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi ọkọ̀ igi wá ẹja ni ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó.

Ìbínú àwọn ará etíkun kò dúró de òfin. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí iye wọn lé ní ọgọ́rùn-ún wọ orí pèpéle Parabe ti ilé-iṣẹ́ Chevron, wọ́n ń béèrè iṣẹ́, ìdàgbàsókè àti àtúnṣe omi tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni hẹlikọ́pítà gbé àwọn sójà dé, ẹ̀mí ènìyàn méjì sì lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ sí San Francisco parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2008, nígbà tí ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ilé-iṣẹ́ náà láre.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà wá kò gba iwájú ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Òfin àjọ NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ti ọdún 2000, ní kí ilé-iṣẹ́ epo kọ̀ọ̀kan san ìdá 3 nínú 100 owó ìnáwó ọdún rẹ̀ fún àjọ náà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì dá OSOPADEC, àjọ ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tó ní epo, sílẹ̀ láti máa ná ìpín kan nínú ìdá 13 nínú 100 tí ìjọba àpapọ̀ ń dá padà fún ìpínlẹ̀ tó ní epo. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ da èyí rú ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, nígbà tó dájọ́ pé ibi tí omi òkun ń fà sẹ́yìn dé ni ààlà ìpínlẹ̀ parí sí. Bí a bá tẹ̀ lé e, epo tí wọ́n ń wà lójú òkun Ìlàjẹ kì í ṣe ti Oǹdó mọ́. Òfin ọdún 2004 ló tún un ṣe, tó ní kí wọ́n ka epo mọ́ ìpínlẹ̀ títí dé ibi tí jíjìn omi fi jẹ́ 200 mítà.

Òfin epo rọ̀bì tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ló tún wá súnmọ́ ọ̀rọ̀ owó akọ́lé jù. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ epo máa fi ìdá 3 nínú 100 owó tó fi ṣiṣẹ́ ní ọdún tó kọjá sínú àpò ìdàgbàsókè fún àwọn ìlú tó gbà á lálejò, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Àwọn alágbàtọ́ àpò náà ni yóò máa ná an, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀. Òfin kan náà sì ní bí rògbòdìyàn tàbí ìbàjẹ́ bá ba dúkìá ilé-iṣẹ́ jẹ́ ní ìlú kan, inú àpò ìlú náà ni wọn yóò ti yọ owó àtúnṣe.